Kóòtù Òtútù Inú Báàgì Bushrah

Ohun tó kọ́kọ́ jáde nínú báàgì Bushrah ni kóòtù òtútù kan, dúdú, tó nípọn bíi tìmùtìmù, tí wọ́n fi irun sí lọ́rùn. Obìnrin kan láàárín àwọn ayálégbé tó dúró yí àgbàlá ká bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o! Kóòtù òtútù, nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí?"

Iṣẹ́ ni Ìyábọ̀ ń ṣe. Ó gbọn kóòtù náà jìgìjìgì, ó tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó sì tún tọwọ́ bọ inú báàgì. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Bushrah ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni páàdì, yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì funfun, fìlà onírun àti ìbọ̀wọ́. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ lójú ọkùnrin lójú obìnrin. Pásípọ́ọ̀tù tó ń wá kò sí níbẹ̀.

Bushrah dúró lẹ́bàá kànga, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ nínú oòrùn.

"Kí lo fẹ́ fi kóòtù ṣe?" Ìyábọ̀ bi í.

"Mo fẹ́ rìnrìn àjò, mà."

"Lọ síbo?"

"Ìlú Òyìnbó náà ni, mà. Èmi náà wá físà. Wọn ò fún mi."

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ìyábọ̀, ó yẹ ká mọ bó ṣe débẹ̀. Ìnísípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀yọ́ ló ń gbé, lẹ́yìn Akẹ̀sán, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Màmá Dárasími, àmọ́ tí nǹkan bá ti sọ nù báyìí, oyè ọlọ́pàá rẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń rántí. Òun ló wá jẹnẹrétọ̀ ìjọ wọn rí lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ọlọ́dẹ ló gbé e, tó sì jẹ́ pé ilé akọ̀wé ìjọ ló ti ń tanná. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ tí à ń wí yìí ni Alhaja Kúbúrátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹkún. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gun ọ̀kadà láti Takie dé ilé wọn lẹ́yìn Ọjà Igbó, kò tilẹ̀ tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Zulaikha, àkọ́bí Alhaja, ló fẹ́ lọ ka másítàsì nípa iṣẹ́ apòògùn nílùú Òyìnbó, kó sì wá iṣẹ́ gidi síbẹ̀ tó bá parí. Wọ́n ti kọ̀ fún un ní físà rí, ó tún un wá, ó rí i gbà. Ó ti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Gàrí àti ata gígún ti wà nínú àpótí ìrìnàjò, ọ̀la ni wọ́n sì máa gbéra lọ wọ bàálù ní Èkó. Àfi bí ejẹ́ǹtì tó ń bá a ṣètò ìwé ṣe pè é lálẹ́ àná pé kó ya fọ́tò ojú ewé físà ránṣẹ́ kíákíá. Ó lọ sídìí àpótí aṣọ ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n tọ́jú pásípọ́ọ̀tù sí, ó gbé ìró òkè kúrò, ó tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀. Òfo ló bá.

"Ta ló mọ ibi tó wà?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ìyábọ̀ bi wọ́n nígbà tó dé.

"Èmi àti Mọ́mì," ni Zulaikha wí. "Àti Bushrah. Òun ló ń gbálẹ̀ yàrá."

Ọmọ àbúrò Alfa Yẹ̀kínì, bàbá Zulaikha, ni Bushrah. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí ló ti ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì parí. Ìyábọ̀ rò ó pé ẹni kan ṣoṣo tó mọ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ni nǹkan, ẹrù rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ìta gbangba ló sì ti wò ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ló fi nǹkan síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Kò wá sí i lọ́kàn pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó rí ohun tó wà nínú báàgì ọmọ ọlọ́mọ.

"O wá físà lábẹ́ òrùlé wa, o ò sì sọ fún wa?" ni Alhaja bi Bushrah.

"Mo ní kó jáde ná kí n tó sọ, mà."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Zulaikha gan-an kò sọ tiẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí físà fi dé. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìlara ni."

"Wọn ò fún tiẹ̀, ló bá gbé ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pa mọ́!"

Ojú Zulaikha ti pọ́n. "Tí ilẹ̀ bá fi ṣú tí mi ò rí i, tíṣàn la máa mú un lọ. Kó lọ sọ ibi tó gbé e sí fáwọn ọlọ́pàá."

Alfa Yẹ̀kínì wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ògiri ló kọjú sí. Ìyábọ̀ rí i, ó sì gbà pé ìtìjú ẹbí ló mú un.

Ó wọlé lọ wo àpótí aṣọ náà. Àgádágodo rẹ̀ kò já. Ṣéènì góòlù Alhaja wà níbi tó wà, àwọn ìró tí Zulaikha ò tíì tú sì ká dáadáa, etí pàdé etí.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Orí ìṣó ló máa ń wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Kúbúrátù, ẹni tí inú ń bí máa fa nǹkan yọ ni, á sá lọ. Ta ló jókòó tún ìró ká báyìí?"

"Bushrah mọ aṣọ ká," ni Alhaja dáhùn.

Bí Ìyábọ̀ ṣe ń jáde ló pàdé Alfa tó ń lọ kí ìrun ayílà, tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Alfa, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Mo fi gbá òkúta ni, nígbà tí mò ń lọ kí àsùbáà." Kò dúró.

"Ààwẹ̀ ló rẹ̀ wọ́n," ni Alhaja wí. "Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń gbà á nítorí ọmọ yìí. Omi lásán, wọn ò mu."

Ìyábọ̀ ń wo ọkùnrin náà lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ gbá òkúta, ẹsẹ̀ kan ló máa ń dùn ún. Àtọ̀tún àtòsì ni Alfa ń gbé bí ẹni tó ń tẹ ẹyin.

Ejẹ́ǹtì ló kù. Anas lorúkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí oríta Takie. Àwọn ọ̀dọ́ fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lórí itan, ojú gbogbo wọn sì dà bí ojú ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Pásípọ́ọ̀tù Zulaikha wà lọ́wọ́ ẹ," ni Ìyábọ̀ wí kó tó kí i rárá. Bó ṣe máa ń dán èèyàn wò nìyẹn.

Anas rẹ́rìn-ín. "Mà, tó bá wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo ṣe máa pè é pé kó ya fọ́tò ẹ̀ wá? Kí wọ́n lè tètè mọ̀ pé mo ti jí i?"

Ìyábọ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Bushrah ńkọ́? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo gbọ́ lẹ́nu Zulaikha pé wọ́n fẹ́ mú un lọ sí tíṣàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ó ti ń tún ìwé ẹ̀ ṣe. Ilé ìwòsàn tó gbà á lọ́hùn-ún ṣì ń dúró dè é, ìwé ẹ̀rí látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pé kò dáràn rí ló kù. Tí wọ́n bá fi lè kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní tíṣàn pẹ́nrẹ́n, ó parí fún un nìyẹn."

"Ó ní kóòtù nínú báàgì."

"Iwájú ibí ló ti rà á, lọ́wọ́ olókìrìkà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ fún un gan-an ló rà á. Ó ní kóun lè máa rí i ni, kó má bàa sú òun."

Ojú ti Ìyábọ̀. Ó rántí bó ṣe gbọn kóòtù náà jìgìjìgì níwájú àwọn ayálégbé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa fi wọ́n sí. Anas, tí kò mọ nǹkan kan nípa èyí, ti ń gbé pásípọ́ọ̀tù oníbàárà kan sórí ẹ̀rọ, ó yínmú.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀, mà. Òróró! Gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé wá síbí ló ń rùn ún. Wọ́n á gbé e lọ fún àdúrà lórí òkè kí wọ́n má bàa dá wọn padà ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á wá fi ba ẹ̀rọ mi jẹ́."

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn," ni Ìyábọ̀ wí.

"Ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará mọ́sálásí, ta ló ń bèèrè? Físà ni gbogbo wọn ń wá."

Wọn ò tíì pe ìrun alásàrì nígbà tó padà délé. Ó gba iwájú fèrèsé Alfa kọjá. Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, ó sì ń yára.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. "Ẹ… ẹ wá jẹun," ni Alfa wí.

"Á gba ibi ire," ni Ìyábọ̀ dáhùn, ó sì lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò.

Àárín àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ṣínu lọ́sàn-án gangan, mọ̀gàríbì ni wọ́n máa ń dúró dè. Tó bá jẹ́ pé ara Alfa ò yá, kò ní máa fi jíjẹ pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tó ń ṣínu ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Ìyábọ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti gba irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, lórí òkè àdúrà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, torí wọn kì í wọ bàtà gun ibẹ̀, tí òkúta sì dá egbò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kúbúrátù, ṣé o sọ ibi tí pásípọ́ọ̀tù wà fún Alfa?"

"Mo sọ ọ́ fún wọn, kí ló dé? Ṣé bàbá ọmọ la ó tún máa kà mọ́ àwọn tá a fura sí ni?"

Kò sí ẹni tó ka bàbá. Ìyábọ̀ náà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, kò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ aláìníbàbá ni wọ́n nàka sí, ó sì tẹ̀ lé ìka wọn.

Ó wọ yàrá Alfa, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Alfa, òkè wo ni?"

Bàbá náà gbé àwo sílẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ ṣínu kí oòrùn tó wọ̀."

Alfa ò jiyàn. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ọ̀rọ̀ sì ń jáde láàárín ìka rẹ̀. Ọmọ ẹnìkan ládùúgbò ni wọ́n dá padà láti pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú físà lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, oorun ò kùn ún mọ́. Wòlíì Ebenezer, tí wọ́n jọ ṣe tíṣà nílé ìwé kan náà, ló ní kó gba ààwẹ̀, kó sì gbé pásípọ́ọ̀tù wá. Òní ni àdúrà parí. Ó fẹ́ gbé e padà sábẹ́ ìró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

"Èmi Yẹ̀kínì," ni ó wí. "Èmi tí mo jókòó síwájú èèyàn, tí mo ṣe wáàsí pé ẹni tó bá gun òkè lọ gbàdúrà kò mọ Ọlọ́run rẹ̀. Níbo ni mo fẹ́ gbé ojú mi sí?"

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo tú báàgì Bushrah."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ògiri lẹ kọjú sí."

"Mi ò lè wò ó. Ọmọ àbúrò mi ni." Ó sún mọ́ ọn, ó ń rọra sọ̀rọ̀. "Ìnísípẹ́kítọ̀, ẹ bò mí láṣìírí. Mo máa lọ mú un wá. Ẹ bá mi jù ú sẹ́yìn àpótí, kí ẹ ní ibẹ̀ lẹ ti rí i. Ọmọ á lọ ìrìnàjò rẹ̀, Bushrah náà á bọ́."

Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyábọ̀ lára. Tí pásípọ́ọ̀tù bá jáde lẹ́yìn àpótí, kò sí ẹni tó máa bi òun pé kí ni òun ń wá nínú báàgì ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á kí òun kú iṣẹ́, wọ́n á fún òun ní iṣu gbé lọ sílé. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ojú sì tì í pé òun fẹ́ ẹ.

"Kò ní bọ́, Alfa," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà á tó fi lọ jù ú síbẹ̀. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́ nígbà tí a pè é lólè. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹni tó mú un."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sídìí òkè náà, lẹ́yìn ìlú. Alfa fi fìlà bojú títí wọ́n fi débẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà tó wà lórí àpáta ni Wòlíì Ebenezer ti ṣí ìdérí abọ́ tánganran ńlá kan fún wọn. Pásípọ́ọ̀tù ló kún inú rẹ̀, wọ́n lé lórí ara wọn, aláwọ̀ ewé gbogbo, òróró ń dán lára wọn. Ìyábọ̀ ń yẹ orúkọ wò títí ó fi rí ti Zulaikha. Ojú ewé físà kò bàjẹ́.

"Ẹ gba àwọn ọmọ yìí là lọ́wọ́ ìtìjú," ni Alfa wí fún wòlíì náà, àbí ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, Ìyábọ̀ kò mọ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n padà. Ìyábọ̀ fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn gbogbo àwọn ayálégbé. Ó ní kí wọ́n jáde bí wọ́n ṣe jáde láàárọ̀, pàápàá obìnrin tó rẹ́rìn-ín. Zulaikha rí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò sókè.

"Níbo lẹ ti rí i, mà? Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Ẹni tó mú un máa sọ̀rọ̀."

Alfa Yẹ̀kínì bọ́ sáàárín àgbàlá. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Èmi ni mo mú un," ni ó wí. "Mo gbé e lọ sórí òkè, kí wọ́n fi òróró gbàdúrà sí i. Mo wà lórí àga yẹn láàárọ̀ nígbà tí ẹ̀ ń pe ọmọ yìí lólè. Mi ò sọ̀rọ̀."

Ẹnìkan rọra ní, "Lórí òkè? Alfa?" Ẹlòmíràn fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n fà lẹ́sẹ̀. Zulaikha dì mọ́ pásípọ́ọ̀tù, ó ń wo bàbá rẹ̀, ó ń wo Bushrah, ó sì wá kúnlẹ̀ láìmọ ẹni tó kúnlẹ̀ fún nínú àwọn méjèèjì.

"Bushrah, dákun. Mi ò mọ̀."

Ìyábọ̀ náà kúnlẹ̀. Àgbà tó tó ìyá ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níwájú ayálégbé. "Èmi ni mo tú ẹrù ẹ síta. Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ kí n bi wọ́n. Máa bínú sí mi, ó tọ́ sí mi."

"Ẹ dìde, mà," ni Bushrah wí. "Ẹ dìde náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tán."

Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó lọ sídìí ẹní tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀ láti àárọ̀, torí kò sẹ́ni tó rántí kó o wọlé. Ó kó àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ká yúnífọ́ọ̀mù. Alfa mú kóòtù náà nílẹ̀ láti bá a ká a, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, kò mọ ibi tí apá wọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, sà," ni Bushrah wí, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun lòun ń lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ti gbọ́, òun sì ti dárí jì wọ́n, ó gbé báàgì rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì ń lọ, òun àti Ìyábọ̀ ló jọ dé ìdíkọ̀ ní Takie. Kò bá Ìyábọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ju "ẹ rọra, mà" nígbà tí ọ̀kadà kan fẹ́ gbá a.

Báàgì náà wúwo, àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì sì ga. Ìyábọ̀ na ọwọ́ láti bá a gbé e wọlé.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Bushrah wí, ó fi ọgbọ́n gbé báàgì náà sí apá kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé e sórí itan. Ìyábọ̀ jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí itan ara rẹ̀, kò sì gbé wọn kúrò níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi wọ Ọ̀yọ́.